Ìbànújẹ́ Tí A Fún Níṣẹ́: Iṣẹ́-Ọnà àti Ìwòsàn Ọkàn Nínú Èrò Yorùbá

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn àti àwọn onírònú ti ń jiyàn lórí bóyá iṣẹ́-ọnà tí ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lè wo ọgbẹ́ náà sàn, tàbí bóyá kò ju pé ó ń mú un gbàgbé ìrora náà fún ìgbà díẹ̀ lọ. Iṣẹ́-ọnà nínú ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí àwòrán tí a fi kọ́ ara ògiri, nítorí pé igi gbígbẹ́, aṣọ híhun, àdìrẹ ṣíṣe, amọ̀ mímọ, ìlẹ̀kẹ̀ sísín àti ewì kíké ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ìwòsàn ọkàn pẹ̀lú kò túmọ̀ sí pé kí ènìyàn má rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i mọ́. Ohun tó jẹ́ ni pé kó lè rántí rẹ̀, kó sì tún lè jẹun, kó lè sùn, kó lè ṣiṣẹ́, kó sì lè bá àwọn ẹlòmíràn gbé láìjẹ́ pé ìrántí náà wó o lulẹ̀.

Ní Addo àti àwọn ìletò tó yí i ká ní ìjọba ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà, láti Ajah títí dé Langbasa àti Badore, ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Ilẹ̀ tó jẹ́ ti àwọn apẹja àti àgbẹ̀ láàárín ọ̀sà àti òkun ti di ibùgbé àwọn tó wá láti ibi gbogbo ní Nàìjíríà, tí wọ́n ń gbé nínú ọgbà ilé tó ní géètì àti ẹ̀ṣọ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ orúkọ ẹni tí ògiri kan ṣoṣo là wọ́n láàárín. Bí ikú bá mú ẹni wọn lọ, wọ́n á lọ sin òkú nílé, níbi tí ẹbí ti ń sunkún tí wọ́n sì ń kọrin papọ̀, ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ mélòó kan wọ́n á ti padà sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, sí ilé tí kò sí ẹlòmíràn tó ń ṣọ̀fọ̀ níbẹ̀, àti sí ibi iṣẹ́ tí wọ́n ti ń retí pé kí omijé wọn ti gbẹ. Ìbànújẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní ibi tí yóò jókòó sí, ẹnikẹ́ni kò sì sọ ohun tí yóò ṣe nípa rẹ̀ fún un ju pé kó mú un mọ́ra lọ.

Àlàyé tó gbajúmọ̀ jù lórí bí iṣẹ́-ọnà ṣe ń woni sàn wá láti ọ̀dọ̀ Aristotle, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Gíríìsì tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Jésù. Ó sọ pé eré oníbànújẹ́ máa ń ru àánú àti ẹ̀rù sókè nínú àwọn tó ń wò ó, ó sì pe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn ní katharsis, èyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ túmọ̀ sí irú ìwẹ̀nù tí oògùn máa ń ṣe fún inú. Láti ara èrò yìí ni ìmọ̀ràn òde òní ti hù, pé kí ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ da ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ sórí ìwé tàbí sórí aṣọ àwòrán, kí ara rẹ̀ lè fúyẹ́. Ìmọ̀ràn náà kò burú, nítorí pé ẹkún tí a kò sun a máa pa ènìyàn lára. Síbẹ̀ ó fi ohun tó ṣe pàtàkì jù sílẹ̀, torí ó ka ìbànújẹ́ sí ẹ̀gbin tó gbọ́dọ̀ jáde, ó sì ka iṣẹ́ ọwọ́ sí ibi tí a ń da ẹ̀gbin náà sí. Ohun tí àṣà Yorùbá fi hàn nínú ìṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í sábà là á sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́, ni pé iṣẹ́-ọnà kì í da ìbànújẹ́ nù rárá: ṣe ló ń fún un ní ara tó ṣeé fọwọ́ kàn, tó sì ń fún ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ ní ojúṣe sí ara náà.

Kò sí ibi tí èyí ti hàn kedere tó ti ère ìbejì. Ilẹ̀ Yorùbá wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti ń bí ìbejì jù lọ ní gbogbo ayé, Ìgbọ́-Ọrà sì lókìkí fún un, ṣùgbọ́n láyé àtijọ́ ọ̀pọ̀ ìbejì kì í dàgbà, nítorí pé wọ́n sábà máa ń kéré nígbà tí wọ́n bá bí wọn. Ìgbàgbọ́ wà pé ọkàn kan náà ni Táíwò àti Kẹ́hìndé jùmọ̀ ní, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá kú, èyí tó kù wà nínú ewu, ìyá wọn pẹ̀lú kò sì bọ́ nínú rẹ̀. Àwọn òbí á tọ babaláwo lọ, bí Ifá bá sì fọwọ́ sí i, agbẹ́gilére á gbẹ́ ère kékeré kan, tí gíga rẹ̀ kì í sábà ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, kó lè dúró fún ọmọ tó lọ. Ohun tó yẹ fún àkíyèsí ni pé ère náà kì í jọ ọmọ ọwọ́ rárá: ó ní ara àgbàlagbà, ó ní irun tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ó ní ilà ìdílé rẹ̀ lójú, bí ẹni pé agbẹ́gilére fún ọmọ náà ní ọjọ́ orí tí ikú kò jẹ́ kó dé.

Ìgbà tí ère bá kúrò lọ́wọ́ agbẹ́gilére ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù lórí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á máa fi osùn pa á lára, á máa fi aró kun irun orí rẹ̀, á máa fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́rùn àti nídìí, á máa bu oúnjẹ kàn án lẹ́nu nígbà tí èyí tó wà láàyè bá ń jẹun, á sì tẹ́ ẹ sùn nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, omi, osùn àti ọwọ́ á máa mú ojú ère náà dán, imú àti ètè tí ọ̀bẹ ti fín á máa pa rẹ́ díẹ̀díẹ̀, tó fi jẹ́ pé nígbà tó bá pẹ́, ìka ìyá ló gbẹ́ ojú tí ère náà ní. Èyí ló mú kó tọ́ kí a pe ìyá náà ní oníṣẹ́-ọnà kejì. Kò pariwo ìbànújẹ́ rẹ̀ kúrò lára. Ó wẹ̀ ẹ́, ó bọ́ ọ, ó tẹ́ ẹ sùn, títí tí ohun tó fẹ́ gbé e mì fi di iṣẹ́ tó lè parí ní òwúrọ̀ kó tó lọ sọ́jà. Àwọn kan lè sọ pé ẹ̀tàn ni irú ìtùnú bẹ́ẹ̀, pé igi ni igi í jẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá náà mọ̀ pé igi ni. Bó bá ṣe pé ó gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ọmọ náà kò kú ni, kì bá tí lọ bẹ agbẹ́gilére lọ́wẹ̀. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó fipá mú un yàn láàárín gbígbàgbé ọmọ rẹ̀ àti kíkú tẹ̀lé e.

Àṣà yìí kò dúró sójú kan, ìyípadà rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀rí sí ohun tó ṣe pàtàkì nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀sìn Mùsùlùmí àti ti Kírísítẹ́nì gbilẹ̀, àwọn ìyá kan bẹ̀rẹ̀ sí í lo ère tí kò ní ọ̀ṣọ́ púpọ̀, àwọn mìíràn lo bèbí oníke tí wọ́n rà lọ́jà. Ní 1978, Stephen Sprague kọ̀wé nípa àwọn ayàwòrán ní Ìlá Ọ̀ràngún, ó sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe máa ń ya ọmọ tó kù lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n á sì to àwòrán méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé Táíwò àti Kẹ́hìndé jókòó pa pọ̀. Bí ìbejì náà bá jẹ́ akọ àti abo, wọ́n á wọ aṣọ akọ fún ọmọ náà fún àwòrán kan, wọ́n á sì wọ aṣọ abo fún un fún èkejì. Igi di ike, ike di ìwé àwòrán, ṣùgbọ́n ojúṣe ìyá sí ohun tó ń rí tó sì ń fọwọ́ kàn ni wọ́n dì mú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ère ìbejì àtijọ́ ti wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti lọ́wọ́ àwọn olówó ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà báyìí, níbi tí a kò ti gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n kí wọ́n má baà bàjẹ́, èyí tó jẹ́ òdìkejì gbogbo ohun tí a torí rẹ̀ gbẹ́ wọn.

Ohun mìíràn wà nínú iṣẹ́-ọnà tó ń ṣiṣẹ́ lára ẹni tó ń ṣe é. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rowland Abíọ́dún, tó ti kọ̀wé púpọ̀ lórí ẹwà àti iṣẹ́-ọnà Yorùbá, ka ìfarabalẹ̀ mọ́ àwọn ìwà tí oníṣẹ́-ọnà kò lè ṣe aláìní. Ìfarabalẹ̀ ni pé kí ara àti èrò ènìyàn rọlẹ̀ sójú kan, kí ọwọ́ má gbọ̀n, kí ojú má sá, kí ọkàn má ṣáájú iṣẹ́. Ẹni tí ìdààmú bá kò lè fín ilà tó gún, ilà náà kò sì ní gún fún un títí yóò fi rọlẹ̀, èyí ló sì fà á tí iṣẹ́ fi ń kọ́ ọ ní ìfarabalẹ̀ tí ìwàásù kò lè kọ́ ọ. Igi ní ọ̀nà tí inú rẹ̀ gbà lọ, òwú ní bó ṣe ń já, amọ̀ ní ìgbà tó yẹ kó gbẹ, kò sì sí èyí tó bìkítà fún bí inú oníṣẹ́ ṣe bàjẹ́ tó. Àánú ńlá ló wà nínú pé ohun kan ṣì wà láyé tí kì í ṣe nípa ẹni tó ń jìyà nìkan.

Bákan náà ni ewì ṣe rí. Nígbà tí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń ṣe ìpà ọdẹ, ìyẹn ètùtù tí wọ́n fi ń ya òkú ọdẹ kúrò láàárín àwọn alààyè, ìrèmọ̀jé ni wọ́n sì máa ń sun níbẹ̀, èyí tí í ṣe ewì arò àwọn ọdẹ. Ẹni tó ń sun ún kò ní láti wá ọ̀rọ̀ tuntun nínú ọgbẹ́ tirẹ̀, nítorí pé ohùn, oríkì àti ètò ti wà nílẹ̀ kó tó dé. Bó bá dánu dúró, ẹlòmíràn á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹkún ìyàwó, tí ọmọbìnrin máa ń sun ní ọjọ́ tó bá ń fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀, tilẹ̀ gba ìmúrasílẹ̀, torí ó gbọ́dọ̀ ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn àgbà kí ọjọ́ náà tó pé. Èrò òde òní fẹ́ràn kí ìmọ̀lára jáde láìní ìdíwọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó dá ewì wọ̀nyí sílẹ̀ mọ̀ pé ọjọ́ tí ìbànújẹ́ bá dé gan-an ni ẹnu ènìyàn máa ń wọ́.

Gbogbo èyí fìdí múlẹ̀ lórí ìgbàgbọ́ kan nípa bí ènìyàn ṣe di ènìyàn. Nínú ìtàn ìṣẹ̀dá Yorùbá, Ọbàtálá ló fi amọ̀ mọ ara ènìyàn, Àjàlá sì ni amọ̀kòkò tó ń mọ orí, tí orí mìíràn nínú àgbàlá rẹ̀ dára lójú ṣùgbọ́n tí kò jiná dáadáa. A sọ pé Ọbàtálá mu ẹmu yó lọ́jọ́ kan, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ṣìṣe, èyí tó mú kí a máa pe àwọn tó ní àbùkù ara ní ẹni òrìṣà, tó sì mú kí àwọn olùsìn rẹ̀ máa yẹra fún ẹmu títí dòní. Ìtàn yìí jinlẹ̀ ju bí a ti ń sọ ọ́ fún ọmọdé lọ. Ó gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ ni ẹ̀dá, pé àṣìṣe lè wà nínú iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, àti pé ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà kò kọ èyí tó bàjẹ́ sílẹ̀, ṣe ló gbà á sí abẹ́ ààbò ara rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹni tí ayé ti fọ́ bá jókòó ti amọ̀ tàbí ìkòkò aró, iṣẹ́ tó dá a sáyé ló tún ń bá lọ.

Susanne Wenger gbé ìgbàgbọ́ yìí wọ̀ bí ẹ̀wù. Ìlú Graz ní Austria ni wọ́n ti bí i ní 1915, ó la ogun àgbáyé kejì já, ó sì tẹ̀lé ọkọ rẹ̀, Ulli Beier, wá sí Nàìjíríà ní 1950. Kò pẹ́ tó dé tí ikọ́ ẹ̀gbẹ fi dá a dùbúlẹ̀. Lẹ́yìn àìsàn náà ló bá Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá ní Ẹdẹ, pàdé, tó sì wọnú ìsìn òrìṣà débi pé àwọn ènìyàn fi ń pè é ní Àdùnní Olóòrìṣà. Ní Òṣogbo, òun àti àwọn bíi Adébísí Àkànjí tó jẹ́ bíríkìlà, Kàsálí Àkàngbé agbẹ́gilére, àti Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí tó ń gbẹ́ òkúta, kọ́ àwọn ojúbọ àti ère sínú igbó Ọ̀ṣun tó ti fẹ́ parun. Ìjọba sọ igbó náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, ọdún mẹ́rin kí Wenger tó kú ní oṣù kìíní 2009. Kò yẹ kí a sọ ìtàn yìí bí ẹni pé òyìnbó kan ló wá gba ìlú là. Àwọn tó bá a mọ ère náà, tí orúkọ Mùsùlùmí pọ̀ láàárín wọn, ló ní ọ̀pọ̀ nínú ọgbọ́n ọwọ́ tó wà níbẹ̀, àwọn olùsìn Ọ̀ṣun ló sì ni igbó. Ohun tí obìnrin náà rí gbà ni àyè láàárín àwọn ènìyàn tó ń mọ nǹkan papọ̀.

Ní àsìkò kan náà ní Abẹ́òkúta, Beier gbé ọ̀dà àti ìwé lọ fún àwọn aláìsàn ọpọlọ ní Lantoro kí wọ́n lè máa ya àwòrán, Dókítà Adéoyè Lambo sì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú abúlé ní Arò ní 1954, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé pẹ̀lú ìbátan wọn, tí wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn lọ́sàn-án, tí Lambo sì ń gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ àwọn onísègùn ìbílẹ̀. Ìrònú Lambo ni pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú nílò ilé, iṣẹ́ àti ojú tó mọ̀ ọ́n pẹ̀lú oògùn. Oògùn náà kò ṣeé yọ kúrò. Ìrẹ̀wẹ̀sì tó ti di àìsàn nílò dókítà, ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yábàá sì ti wà láti 1907. Ẹni tó bá ní kí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ fi àwòrán yíyà rọ́pò ìtọ́jú ń ṣe é níbi.

Ẹni tí èrò pé iṣẹ́ ọwọ́ ń woni sàn hàn jù lára rẹ̀ ní ẹkùn Lẹ́kí fúnra rẹ̀ ni Níkẹ̀ẹ́ Davies-Okundaye, tí ilé àwòrán rẹ̀ alájà gíga wà ní Ìkàtẹ́, nítòsí ọ̀nà kan náà tí ará Addo ń gbà wọ Èkó, tí a sì sábà máa ń ka iye iṣẹ́-ọnà inú rẹ̀ sí ohun tó lé ní 8,000. Wọ́n bí i ní Ògìdì, ní ilẹ̀ Ìjùmú tó wà ní ìpínlẹ̀ Kogí lónìí, ní 1951. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 6, ọwọ́ ìyá tó bí ìyá àgbà rẹ̀ ló sì ti kọ́ aṣọ híhun àti àdìrẹ. Ní 1983 ó dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn obìnrin níṣẹ́ láìgba owó. Lẹ́yìn náà ló lọ kọ́ àwọn obìnrin Nàìjíríà tí wọ́n ti bọ́ sínú òwò ara títà ní Ítálì ní iṣẹ́ ọwọ́, ìjọba Ítálì sì fi àmì ẹ̀yẹ dá a lọ́lá fún un ní 2006.

Ó yẹ kí a ro ohun tí iṣẹ́ àdìrẹ béèrè lọ́wọ́ irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, wọ́n á se ẹ̀kọ láti ara pákí, wọ́n á fi ìyẹ́ adìyẹ fà á sára aṣọ funfun, ilà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilà, wọ́n á sì jẹ́ kó gbẹ kí wọ́n tó rì í sínú aró. Aró pẹ̀lú gba sùúrù, nítorí pé ewé ẹ̀lú tí a gún gbọ́dọ̀ wà nínú omi eérú fún ọjọ́ púpọ̀ kó tó dá. Aṣọ tó bá sì kọ́kọ́ jáde nínú ìkòkò máa ń ní àwọ̀ ewé, atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di búlúù, tí wọ́n á tún un rì lẹ́ẹ̀kan sí i àti lẹ́ẹ̀kan sí i. Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn aláró ti fi iṣẹ́ yìí sábẹ́ Ìyá Mọ̀pó, òrìṣà tó ń ṣọ́ iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin. Ẹni tí àwọn ẹlòmíràn ti fi ara rẹ̀ ṣòwò á tún rí i pé ọwọ́ òun lè ṣe ohun tó dá lórí ìpinnu òun, tí yóò dúró, tí òun sì lè fi orúkọ ara òun tà. Àwọn kan gbà pé títà yìí ba ìwòsàn jẹ́, pé ohun tí a ṣe nítorí owó kò lè ti ọkàn wá. Èrò yẹn kò bá ilẹ̀ yìí mu. Wọ́n ń sanwó fún agbẹ́gilére ìbejì, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Fún obìnrin tí gbèsè ló gbé e dé òkè òkun, ìtùnú tí kò lè san gbèsè kò tíì tó.

Àtakò tó wúwo jù ní Addo á wá láti ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí, torí ọ̀pọ̀ olùgbé ibẹ̀ gbà pé àdúrà nìkan ló ń wo ọkàn sàn, wọ́n sì ń bẹ̀rù pé ère lè di òrìṣà. Ìbẹ̀rù náà ní ìdí, kò sì yẹ kí a fi ṣẹ̀sín. Síbẹ̀ ẹ̀sìn méjèèjì mọ iṣẹ́ ọwọ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà ìtura. Bíbélì sọ pé nígbà tí ẹ̀mí búburú bá ń yọ Sọ́ọ̀lù lẹ́nu, ọwọ́ Dáfídì lórí háàpù ló ń tù ú lára. Àwọn àáfà ilẹ̀ Yorùbá ń kọ ẹsẹ Kùránì sórí wàláà pẹ̀lú tàdáà, wọ́n á fi omi fọ̀ ọ́, wọ́n á sì gbé hàǹtú náà fún aláìsàn mu, tó fi jẹ́ pé ohun tí ọwọ́ kọ pẹ̀lú ìfarabalẹ̀ ló wọ inú ara. Kò sí ohun tó ní kí ìjọ tó bá kórìíra ère má lè pe opó kan láti wá rán aṣọ tábìlì Olúwa, tàbí kí ó má lè ní kí bàbá tí ọmọ rẹ̀ kú kọ́ ẹgbẹ́ akọrin ní orin tí ọmọ náà fẹ́ràn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ báyìí lòdì sí èyí. Nígbà ìsìnkú, aṣọ ẹbí á dé láti ọjà ní ìdì, ilé ìtẹ̀wé á ṣe ìwé ètò, adarí ètò tí a háyà á gba ohùn lọ́wọ́ ẹbí, ayàwòrán fídíò á ká a sílẹ̀, àwọn olóúnjẹ á sì gbé oúnjẹ wá. Gbogbo ènìyàn ló ní iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, àfi ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, tí iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó jókòó kí ó sì máa sanwó lọ. Wọ́n rò pé àánú ni àwọn ń ṣe é nígbà tí wọ́n gba gbogbo iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá ìbejì ayé àtijọ́, tó ní ohun tí yóò máa wẹ̀ ní òwúrọ̀, rí ìrànlọ́wọ́ gbà ju ti ẹni yìí lọ.